Ẹ Bi Wá: Oníkarate Tó Fẹ́ Wọ Ìjà MMA

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ pọ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì ń yí ká: ẹni tó gbé karate dání, báwo ni yóò ṣe wọ ìjà MMA, níbi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì pọ̀, tí kò fi ní tẹ́? A kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀, a gé àwọn tó gùn kúrú, a sì yọ orúkọ gbogbo yín kúrò.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣe ẹ̀yà karate tí wọ́n ń pè ní Shotokan, bẹ́líìtì búráùn ni mo wà báyìí. Mo fẹ́ bọ́ sí MMA, àmọ́ àwọn tó ń ṣe bọ́síìnì ládùúgbò wa ní asán ni gbogbo ohun tí mo kọ́, pé kí n gbàgbé ẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Ọ̀dọ́kùnrin kan, Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Kì í ṣe òótọ́, àbúrò. Má gbàgbé nǹkan kan. Ohun tí karate ti fi kọ́ ẹsẹ̀ rẹ láti ọdún mẹ́fà wá, àwọn oníbọ́síìnì gan-an ń wá a: àlàfo. Àyè tó wà láàárín ìwọ àti ẹni tó dojú kọ ọ́ ni à ń wí. Oníkarate tó mọṣẹ́ máa ń dúró síbi tí ẹ̀ṣẹ́ kò ti ní bá a, yóò fi ìgbésẹ̀ kan wọlé, yóò lu, yóò sì ti jáde kí ẹnìkejì tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lyoto Machida, ọmọ Brazil tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ní Shotokan bíi tìrẹ, ló fi àlàfo yìí gba bẹ́líìtì UFC, ilé iṣẹ́ ìjà MMA tó lókìkí jù, lọ́wọ́ Rashad Evans ní 2009. Ní 2011, ìpá iwájú tó fò sókè ta ló fi dá Randy Couture lulẹ̀ ní Toronto. Inú dojo, ilé ìkọ́ karate, ni gbogbo ìyẹn ti wá.

Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ rí nǹkan kan kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, a ò sì ní tìtorí pé a fẹ́ràn karate ká bò ó mọ́lẹ̀. Nínú ìdíje karate tí wọ́n ti ń ka àmì, ẹ̀ṣẹ́ jẹ́ àmì 1, ìpá sí ara jẹ́ 2, ìpá sí orí jẹ́ 3. Gbàrà tí o bá ti gba àmì, rẹfirí á ké "yame!", ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ dúró, kálukú á padà sáyè rẹ̀. Ó pẹ́ tí ara rẹ ti gbà pé bí mo bá ti lu èèyàn, ìsinmi ló kàn. Nínú MMA, kò sẹ́ni tí yóò ké yame. O lù ú, o ké kiai, igbe tí oníkarate ń ké bó bá lu, o fa ọwọ́ padà síbàdí, àgbọ̀n rẹ wà ní gbangba; ẹni tí o lù kò ṣubú, ẹ̀ṣẹ́ tirẹ̀ sì ti ń bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú oníkarate jù.

Nítorí náà, ọwọ́ tó ń padà síbàdí yẹn ni kó o kọ́kọ́ tún ṣe. Mú ọsàn kékeré kan, fi àgbọ̀n há a mọ́ àyà, kó o wá máa ju ẹ̀ṣẹ́. Bí ọsàn bá já bọ́, o ti gbórí sókè nìyẹn. Ọwọ́ tí kò lu, fi lé ẹ̀bá etí bí ẹni ń gba ìpè lórí fóònù, kó má kúrò níbẹ̀ títí ọwọ́ tó lọ yóò fi padà wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ 100 lójúmọ́, 50 lọ́tùn-ún, 50 lósì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó máa ń sú èèyàn, àmọ́ kò sọ́nà àbùjá. Fi èyí sí i: má ṣe ju ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́. Bí o bá ju ọ̀kan, èkejì àti ẹ̀kẹta gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, torí ìsinmi tí ara rẹ ń retí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìdúró rẹ náà gùn jù. Zenkutsu-dachi, ìdúró tí a ti tẹ orúnkún iwájú, tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, dára fún kata, ìyẹn ìjà àdánìkanṣe láìsí ẹnìkejì. Lójú onígídígbò, ẹsẹ̀ iwájú tó nà síta bẹ́ẹ̀ yóò rọrùn mú bí ẹni mú ọmọrogùn. Bí o bá sì fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ẹni tí ò ń bá jà pátápátá, wọ́n á máa fi ojúgun gbá ẹran ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú rẹ, oò sì ní lè gbé orúnkún dí i, torí inú ni orúnkún kọjú sí. Ìpá mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú ẹ̀, ẹsẹ̀ á kú, àlàfo tó o gbójú lé á sì bá a lọ. Jẹ́ kí àyè tó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn má ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Kí wọ́n má wà lórí ìlà kan náà, kí wọ́n fẹ̀ tó èjìká, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ iwájú sì kọjú sí ẹni tó wà níwájú rẹ.

Nígbà tí ìyẹn bá ti mọ́ ọ lára, mú ẹfun, kó o fa ìlà sórí sìmẹ́ńtì. Ní kí ẹnìkejì rẹ na ẹsẹ̀ iwájú tán bí ẹni ta ìpá. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kó kan ikùn rẹ, ibẹ̀ ni ìlà tìrẹ. Ó gbé ìgbésẹ̀ kan wá, ìwọ lọ sẹ́yìn ní ìdajì ìgbésẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣe ń balẹ̀ lọ́wọ́, kó tó fìdí múlẹ̀, wọlé pẹ̀lú gyaku-zuki, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú tẹ̀ lé e, kó o sì yà sápá kan. Ẹni tó bá dúró kí ẹsẹ̀ ẹnìkejì balẹ̀ tán kó tó wọlé ti pẹ́. Ẹni yẹn náà ti rí ilẹ̀ tẹ̀, ó ti lágbára láti lù ọ́. Ráńdì mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

A ní kó o yà sápá kan, a ò ní kó o padà sẹ́yìn tààrà. Pápá karate jẹ́ mítà 8 sí mítà 8, bí o bá sì jáde, wọ́n á dá ìjà dúró, wọ́n á kìlọ̀ fún ọ. Wáyà ló yí kéèjì MMA ká. Ẹ̀yìn rẹ á kàn án, àlàfo á tán, gbogbo ohun tí karate kọ́ ọ á dúró níbẹ̀. Ẹ fi fóòmù àlòkù bo ògiri kan, kó o dúró níwájú rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta, kí ẹnìkejì máa tì ọ́ bọ̀. Bí gìgísẹ̀ rẹ bá ti ku ìgbésẹ̀ kan kó kan ògiri, yíra kúrò lápá tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti ń bọ̀. Ṣe é títí oò fi ní bojú wẹ̀yìn mọ́ kó o tó mọ ibi tí ògiri wà.

Ṣé kí n pa kata tì? (Ẹnì kan ní Awẹ́)

Má pa á tì, àmọ́ má fi ṣe ìgbáradì ìjà. Ó ń kọ́ ìbàdí bí yóò ṣe yí, ó ń kọ́ni láti dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó sì ń tún èémí ṣe. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá bá ọ nínú rẹ̀, àlàfo kò sì lè yí padà níbi tí kò sí ẹnìkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀rẹ̀ ìdárayá ti tó. Bí ìjà bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, fún okùn fífò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ta mawashi-geri, ìpá tó ń yí wá láti ẹ̀gbẹ́, ni wọ́n ń gbá ẹsẹ̀ mi mú, tí wọ́n á sì gbé mi ṣubú. Kóòṣì mi ní kí n má ta ìpá mọ́. Ìpá sì ni mo mọ̀ jù. (Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, LAUTECH)

Ẹ má pa ìpá tì, arábìnrin wa. Ẹ jẹ́ ká wo ìpá kan ṣoṣo, láti ìgbà tó kúrò nílẹ̀ títí tó fi padà sílẹ̀.

Kó tó kúrò nílẹ̀, kí ni ọwọ́ yín ń ṣe? Bí ọwọ́ kò bá ṣe nǹkan kan, èjìká á ti sọ fún ẹni tó wà níwájú yín pé ìpá ń bọ̀. Ọwọ́ ló yẹ kó bo ojú ẹsẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2022, Kamaru Usman, ọmọ Nàìjíríà tí ìjàkadì gbé dé orí oyè, ń borí Leon Edwards títí ó fi ku nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kí ráńdì karùn-ún parí. Edwards ṣe bí ẹni fẹ́ fi ọwọ́ òsì lù ú, Usman gbórí yẹ ọwọ́ náà, ẹsẹ̀ òsì sì pàdé orí rẹ̀ níbi tó yẹ̀ ẹ́ sí. Edwards kì í ṣe oníkarate, àmọ́ ẹ̀kọ́ náà kan gbogbo ẹni tó ń ta ìpá. Ẹ ju ẹ̀ṣẹ́ méjì sójú kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Nígbà tó bá wà lójú ọ̀nà, ibo ló ń lọ? Ìhà ni ọ̀pọ̀ ń ta á sí, níbi tí ìgúnpá ẹni yẹn wà gan-an. Ẹsẹ̀ wọ abẹ́ apá, apá sì pa dé. Ẹ ta á sítan, tàbí kí ẹ ta á kọjá èjìká. Bó bá jẹ́ ìhà lẹ fẹ́, àfi nígbà tó bá gbọ́wọ́ sókè láti bo ojú, tàbí tó ń padà sẹ́yìn. Nǹkan kan tún wà níbí tí kò hàn nínú ìdíje karate, torí ìbòsẹ̀ rọ́bà máa ń bò ó: oníkarate ń fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ta ìpá. Nínú MMA, ẹsẹ̀ lásán ni, bí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ bá sì pàdé ìgúnpá, egungun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́. Ojúgun ni kó kàn án, ní ìwọ̀n ọwọ́ mẹ́ta sókè ọrùn ẹsẹ̀.

Ìgbà tó ń padà ló ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ ni karate sì ti ju àwọn yòókù lọ. Hikiashi lẹ mọ̀ ọ́n sí: kí orúnkún ṣì wà lókè, kí gìgísẹ̀ padà sítòsí itan, kí ẹsẹ̀ tó balẹ̀. Ó dà bíi pé ẹ ti ń wo àwọn oní-Muay Thai, ìjà ilẹ̀ Thailand, jù, tí ẹ wá ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ kó lé ohun tó bá bá. Ẹ so báàgì rọ̀, ẹ ta á, ẹ fa ẹsẹ̀ padà, ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan kí ẹ ka ení, èjì, kí ẹ tó sọ ọ́ kalẹ̀. 20 ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Báàgì ọ̀hún, ẹ má rọ iyanrìn kún un. Iyanrìn máa ń sọ̀kalẹ̀ sídìí, ó ń le bí òkúta, ó sì ń ba ọrùn ọwọ́ jẹ́. Gẹ́gẹ̀gé aṣọ lọ́dọ̀ àwọn télọ̀ ni kí ẹ kì sínú rẹ̀ títí yóò fi wúwo tó ìdajì ara yín.

Bí wọ́n bá ṣì mú ẹsẹ̀, ẹ má fà á bí ẹni ń bọ́ bàtà tó há. Ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ gbá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ mú kí ẹ má baà ṣubú, kí ẹ wá ti ẹsẹ̀ náà sísàlẹ̀, sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Bí ìṣubú bá sì di dandan, ẹ há àgbọ̀n mọ́ àyà, kí ẹ fi apá àti àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀. Ẹni tó na ọwọ́ gbọnrangandan láti fi gba ilẹ̀ ni ìgúnpá rẹ̀ ń yẹ̀.

Nínú ẹ̀yà karate mẹ́ta, Shotokan, Kyokushin àti Goju-ryu, èwo ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ lọ sí MMA? Ṣé karate kọ́ ni Israel Adesanya, ọmọ Nàìjíríà tó gba bẹ́líìtì UFC, fi dé ibi tó dé? (Ọ̀gbẹ́ni kan, Ọ̀wọ́dẹ̀, Ọ̀yọ́)

Ká kọ́kọ́ mú ti Adesanya kúrò ńlẹ̀. Taekwondo ló ṣe lọ́mọdé ní Nàìjíríà, kickboxing, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá, ló sì sọ ọ́ di ẹni ńlá ní New Zealand. Karate kọ́.

Ẹni tó ṣe Kyokushin, ara rẹ̀ ti le, kò bẹ̀rù kí wọ́n lu òun, ó sì mọ ìpá ìsàlẹ̀ ta. Georges St-Pierre ti Kánádà, tó gba bẹ́líìtì UFC, ti ń ṣe é láti ọmọ ọdún 7. Àléébù rẹ̀ ni pé òfin wọn kò gba kí wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ lu ojú, nítorí náà wọ́n máa ń dúró mọ́ra, ọwọ́ wọn a sì máa wà nílẹ̀. Goju-ryu, tí Robert Whittaker, òun náà tó gba bẹ́líìtì UFC, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Australia, dára fún ìjà ìtòsí. Shotokan àti Wado-ryu ló ni àlàfo. Bó bá jẹ́ tiwa, àwọn méjì yìí la máa fi síwájú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Ẹ lọ jókòó wo ilé ìkọ́ṣẹ́ náà fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó sanwó. Bí wọn kò bá bá ara wọn jà rárá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tí wọ́n ń jà láìsí rọ́bà tí wọ́n ń kì sẹ́nu, ẹ mú owó yín lọ síbòmíì.

Ọ̀dọ́ mẹ́jọ ni wá nítòsí pápá Durbar l'Ọ̀yọ́. A mọ ìpá, a mọ ẹ̀ṣẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ìjàkadì nínú wa, a kò sì lówó máàtì.

Ìjàkadì ló yẹ kẹ́ ẹ wá kíákíá, ẹ má tíì lọ fi bọ́síìnì kún un. Ìdí ni pé ẹ̀ṣẹ́ karate yín yóò wúlò níwọ̀n ìgbà tí àlàfo bá wà. Ẹni tó bá lè pa àlàfo dé, tó sì gbé yín ṣubú, ti gba ìjà lọ́wọ́ yín. Ẹ sì wo bó ṣe yí St-Pierre padà: kò ṣe ìjàkadì nílé ìwé, ó ti dàgbà kó tó kọ́ ọ, àmọ́ ẹsẹ̀ tó fi ń wọlé lu èèyàn ní karate náà ló wá fi ń wọlé gbé èèyàn.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ ni oríkì wọn wí, ṣùgbọ́n kò sílùú Yorùbá tí wọn kò ti mọ gídígbò. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá nílé ẹ̀kọ́ gíga tó wà nílùú. Nàìjíríà lágbára nínú ìjàkadì Olympic, Blessing Oborududu gba fàdákà níbẹ̀ ní Tokyo. Ẹni tó bá ti ṣe é dé ipele ìpínlẹ̀ tó láti kọ́ ẹni mẹ́jọ.

Kí ẹ tó rí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ máa wo orí ẹni tó wà níwájú yín. Bí orí rẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ kọjá àyà yín, ẹsẹ̀ ló ń wá bọ̀. Ẹ fi apá dí èjìká rẹ̀, ẹ ju ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìbàdí yín já lé ẹ̀yìn ọrùn àti èjìká rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo ara. Ó jọ ìdọ̀bálẹ̀, àyàfi pé àyà wà lókè: ìbàdí ló ń lọ sílẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló tẹlẹ̀, orúnkún kò kanlẹ̀. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá tẹ ẹ̀yìn, tí ìdí rẹ̀ ga sókè, ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lé ẹnìkejì lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti wọn mọ́ ọn, ẹ yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ dìde. 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ láìsí ẹnìkejì, kí ẹ tó fi èèyàn kún un.

Ní ti máàtì, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ìyẹ̀fun pákó tó ń bọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ kò wọ́n. Fún àyè mítà 4 sí mítà 4, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ ó nílò nǹkan bí àpò ìrẹsì ńlá 40 sí 50. Ẹ kọ́kọ́ sá a sóòrùn dáadáa, torí tó bá tutù, yóò bu, yóò sì máa rùn. Ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ ṣa ìṣó àti ẹ̀rún igi kúrò. Ẹ fi táyà àlòkù yí i ká, ẹ dà á sínú rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ fa tapólì aláṣọ bò ó kó le gbandi. Tapólì oníke máa ń bó awọ orúnkún. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ẹ ṣí i, kí ẹ fi réèkì tú u, nítorí àárín á ti le ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ má gbé ara yín kọjá ìbàdí lórí rẹ̀.

Ọmọkùnrin mi ọdún 13 ní òun fẹ́ ṣe MMA. Ẹ̀rù ń bà mí. (Ìyá kan, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́)

Ẹ kú ọmọ o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kó ṣe karate, ẹ jẹ́ kó ṣe ìjàkadì, bí olùkọ́ bá jẹ́ ẹni gidi. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà ni kí wọ́n máa lù ú lórí. Lérò tiwa, kó tó pé ọdún 16, kò yẹ kí ẹ̀ṣẹ́ kan orí ọmọ nínú ìdárayá rárá. Bó bá wá ṣèèṣì gba nǹkan lórí, tí orí ń fọ́ ọ, tó ń bì, tí kò mọ ọjọ́ tí a wà, tó ń sùn jù, tàbí tí ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì kò rí bákan náà, ọsibítù ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Kò gbọdọ̀ padà síbi ìdárayá kí dókítà tó fọwọ́ sí i, bó tilẹ̀ ní ara òun ti yá.

Mo wọn kílò 74. Wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀ sí kílò 65 kí n lè lágbára ju àwọn tó wà níbẹ̀. Ìgbà wo sì ni mo lè wọ ìjà àkọ́kọ́? (Arọ́wómọ́lẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́)

Má ṣe é. Láti 74 dé 65.8, tó jẹ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n ń sọ yẹn, o ní láti pàdánù kílò mẹ́jọ ó lé. Omi ara lo máa fi san án, àwọn tó ń wọ ọ̀rá sáré nínú oòrùn ọ̀sán tiwa níbí sì ń fi kíndìnrín àti ẹ̀mí wọn ṣeré. Ja ìjà àkọ́kọ́ ní òṣùwọ̀n tó parí sí kílò 77.1, kó o máa jẹ àmàlà àti ẹ̀wà rẹ, ní wákàtí mẹ́ta kó o tó lọ sí ìdárayá.

Ní ti àkókò, ẹni tó ti ní karate lára nílò bí ọdún kan, bó bá ń ṣe ìjàkadì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, karate lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìjà àwọn tí kì í gbowó jẹ́ ráńdì mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Ti àwọn tó ń gbowó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún. Kó o tó kọ orúkọ sílẹ̀, wá onígídígbò kan tó wọn bíi tìrẹ, kó fi ráńdì mẹ́ta gbìyànjú láti gbé ọ ṣubú kó sì dì ọ́ mọ́lẹ̀, kí ìwọ náà máa lù ú ní fúyẹ́fúyẹ́ pẹ̀lú gílọ́ọ̀fù ńlá. Bó bá gbé ọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí o dìde fúnra rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, tí ọwọ́ rẹ ṣì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí agogo ìkẹyìn lù, lọ kọ orúkọ rẹ.